Odò Tí À Ń Yà Ní Fọ́tò, Omi Ẹlòmíràn Ni

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú tèmi. Ní ọdún tí mo wà ní ipele kejì, ẹ̀ka wa kó wa lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fún ìrìn-àjò ìkẹ́kọ̀ọ́. Bọ́ọ̀sì méjì la kún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti bu ìrẹsì sínú ike, ike kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti kó àpò omi inú ọ̀rá mélòó kan sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. A kọrin lọ, a kọrin bọ̀. A rí ère, a rí odò, a rí ọ̀bọ lórí igi. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ náà ju àádọ́rin lọ. Àkọsílẹ̀ tí mo ṣe fún iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa kò kún ojú ewé kan.

Nígbà tí a ń jáde bọ̀, ìyá kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó kí wa tìyàyà-tìyàyà. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀kọ wà, mọ́ínmọ́ín gbígbóná wà.” Èmi tí mo wà níwájú ni mo dáhùn pé, “Ẹ ṣeun mà, a ti gbé oúnjẹ wá.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ike tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo àwọn ọ̀rá omi tí a ti jù sílẹ̀ lábẹ́ igi tí a ti sinmi, ó ní, “Ọdọọdún lẹ máa ń gbé oúnjẹ wá, ọmọ mi. Ìdọ̀tí yín nìkan lẹ kì í gbé lọ.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré ló ṣe sọ ọ́, ó sì kọjú sí ọ̀nà láti wá oníbàárà mìíràn. N kò rí èsì fọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa ọ̀rá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, awakọ̀ fun fèrè, mo sì sáré wọ bọ́ọ̀sì. A fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Ọdún méjì ti kọjá. Mo ti wà ní ipele kẹrin báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìkéde jáde lórí WhatsApp ẹ̀ka wa pé Òṣogbo la tún ń lọ lọ́dún yìí, pé owó ọkọ̀, owó ìwọlé àti owó oúnjẹ ti wà nínú iye tí oníkálukú máa san. Bí mo ṣe ka “owó oúnjẹ” báyìí ni ohùn ìyá yẹn padà sí mi létí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ nǹkan yìí kí ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ wa tó wáyé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Àwa ọ̀dọ́ tí à ń pariwo lórí ayélujára pé kí ìjọba dáàbò bo àwọn ibi àjogúnbá wa, a kò tíì sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Ibi tí à ń lọ wò, ilé àwọn kan ni. Odò tí à ń yà ní fọ́tò, àwọn kan ń mu ún, àwọn kan ń kúnlẹ̀ bọ ọ́. Bí èrè ìrìn-àjò afẹ́ kò bá kan àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí wọn kò sì ní ẹnu nínú ètò rẹ̀, kò lè pẹ́, bó ti wù kí igbó rẹ̀ tutù tó. Àwa ọmọ ẹ̀ka yìí náà sì wà lára àwọn tó yẹ kó tún ìwà wọn ṣe.

Kí ló ń jẹ́ kó pẹ́?

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ pé ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni Àyájọ́ Ìrìn-àjò Afẹ́ Lágbàáyé. Àwọn tó mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ló dá àbá ọjọ́ náà kò pọ̀. Ignatius Amaduwa Atigbi ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyájọ́ náà, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni à ń sọ nígbà tí a bá sọ pé kí ìrìn-àjò afẹ́ ní ìlànà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ wa ti wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1999, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ṣe ìwé ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún iṣẹ́ yìí. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ni pé kí àwọn ará ibi tí àlejò ń lọ máa kópa nínú ètò náà, kí èrè tó bá ti ibẹ̀ jáde sì kàn wọ́n bó ṣe yẹ. Nígbà tó tún di ọdún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya gbogbo ọdún náà sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́ tó lè tọ́jọ́. Orí ìwé ti péye. Ẹsẹ̀ ọ̀nà ló kù.

Ní èdè tiwa, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò kìíní ni ilẹ̀, omi àti igi ibẹ̀: kí wọ́n má bàjẹ́. Ààrò kejì ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ààrò kẹta ni iyì wọn: kí a má ṣe wò wọ́n bí ẹni wo ẹran inú ọgbà. Púpọ̀ nínú ìpolongo àwa ọ̀dọ́, orí ààrò kìíní ló ń dúró sí. A ó gbin igi, a ó ṣa ike létí òkun, a ó ya fọ́tò, ó parí. Mo ti bá wọn ṣe é rí, n kò sì sọ pé kò dára. Àmọ́ ìkòkò kì í jókòó sórí ààrò kan.

Àwọn tó gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo Òṣogbo fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti lè rí i pé àwọn ará ilé ló ń jẹ́ kí ibi àjogúnbá wà láàyè. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950 sí 1960, igbó náà ti ń tán lọ. Wọ́n ń gé igi rẹ̀, wọ́n ń jí ère rẹ̀ kó, oko sì ń wọ inú rẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ọmọ orílẹ̀-èdè Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó sì wà ní Òṣogbo títí tó fi jáde láyé ní ọdún 2009. Òun ni orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò káàkiri, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àdùnní kò dá a ṣe. Àwọn olórìṣà ìlú ló ṣí ọ̀nà fún un. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló bá a mọ àwọn ère àti ògiri tí à ń dúró sí iwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Adébísí Àkànjí, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Kàsálì Àkàngbé jẹ́ agbẹ́gilére. Àwọn èèyàn yìí kò ka ìwé ìlànà kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé wọn ni wọ́n ń tún ṣe. Ní ọdún 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà, tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 75, sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹ wo bí ó ṣe tẹ̀ léra. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ dìde, ìjọba tẹ̀ lé wọn, ayé wá gbọ́. Bí wọ́n bá ti dúró de ayé kí wọ́n tó dìde ni, ilé àti ìsọ̀ ni ìbá wà níbẹ̀ lónìí. Ìdí nìyí tó fi máa ń ya mí lẹ́nu bí a bá ń ṣètò ọ̀rọ̀ àwọn ibi báyìí tí kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ omi náà ńkọ́?

Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti rí àwọ̀ odò náà. Ó ti pọ́n, ó sì ki bí omi ẹrẹ̀. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Òun àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ gba agbègbè tí wọ́n ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ máa ń fọ erùpẹ̀ nínú odò, ẹrẹ̀ náà á sì bá omi lọ. Mákúrì tí irú àwọn awakùsà bẹ́ẹ̀ ń lò láti fa góòlù pọ̀ jẹ́ májèlé tí ó máa ń wọ inú ẹja, tí ó sì máa ń ti inú ẹja wọ ara èèyàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má ṣe mu omi náà.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun gbà pé omi yẹn ń wo àìsàn, pé ó ń fún àgàn lọ́mọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá dé etí odò, àwọn èèyàn a máa bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì gbé lọ sílé. Wọ́n wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ta ni wọ́n sọ fún pé kó má fọ erùpẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́, tí ẹni náà sì gbọ́? Ẹni tó jẹ èrè góòlù kò sí ní Òṣogbo. Ẹni tó ń mu ẹrẹ̀ rẹ̀ kò rí góòlù. Ohun tí mò ń pè ní àìsí ìdájọ́ òdodo nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ ká sáré dá gbogbo ẹ̀bi lé ọ̀dọ́ tó dúró sínú kòtò pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹgbẹ́ wa ni wọ́n lọ́jọ́ orí. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni owó ńlá ń wọ̀, àwọn ni kòtò sì máa ń ya lé lórí. Ẹni tó ń ra góòlù náà lọ́wọ́ wọn kì í rẹ ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bí a bá lé wọn kúrò láìfún wọn ní iṣẹ́ mìíràn, wọn á padà wá lóru. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo gbà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ fún un yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi ń jẹ kòkòrò.

Nígbà tí wọ́n bá lé onílé

Òṣogbo nìkan kọ́. Àwọn tó ń gbé ìlú Èkó láàárín wa mọ Tarkwa Bay, etí òkun tí ọkọ̀ ojú omi nìkan lèèyàn lè wọ̀ dé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì òkun. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà síbẹ̀ ló mọ òkun náà jù lọ, àwọn ló sì ń kọ́ àlejò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ máa lọ. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ òpó epo tó gba agbègbè náà kọjá láti jí epo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ òpó epo kankan ju bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

N kò sọ pé kí ìjọba fi ojú fo olè. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, èmi náà ti ní fọ́tò Tarkwa Bay nínú fóònù mi. Mo ti jẹ ẹja sísun níbẹ̀ rí. Síbẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, “Ṣé a ṣì lè lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí?” Ó pẹ́ kí n tó béèrè pé, “Níbo ni àwọn tó sun ẹja fún wa wà báyìí?” Èmi tí mò ń pe ara mi ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni o. Ẹni tó bá fẹ́ràn ibì kan tí kò bìkítà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ìgbádùn ara rẹ̀ ló fẹ́ràn.

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ

Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí n fi èsì wọn pamọ́.

Ọ̀kan sọ pé, “Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ òrìṣà? Onígbàgbọ́ ni mí.” Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àmọ́ odò Ọ̀ṣun kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó bá wá pọn omi. Àwọn tó ń pẹja nínú rẹ̀, àwọn tó fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ ní etí rẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọdún: àwọn tó ń ta àdìrẹ, àwọn tó ń wa ọ̀kadà, àwọn tó ń gba àlejò sí òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀sìn ló pé síbẹ̀. Bí odò bá kú, kì í ṣe olórìṣà nìkan ló máa sunkún.

Èkejì sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò lágbára. Òótọ́ ni pé ìjọba ló lè dá àwọn awakùsà dúró, òun ló sì lè fún wọn ní ìwé àṣẹ àti ìlànà. A kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí wọn yóò fi ṣe é. Àmọ́ ìjọba kọ́ ló da ọ̀rá omi sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀kẹta ni akápò ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì lágbára jù. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọgọ́ta èèyàn lẹ̀ ń sọ o. Ṣé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà lè bọ́ ọgọ́ta èèyàn? Bí oúnjẹ bá tán ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bú?” Mo lọ ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ìtumọ̀. A kò lè dédé ya bo ìyá olúkúlùkù lọ́sàn-án gangan. Àmọ́ a lè pè ṣáájú. Bí a bá sọ fún àwọn ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tí a sì san ìdajì owó sílẹ̀, wọ́n á sè é, ó tiẹ̀ lè kù. Owó náà kò ní ju èyí tí à ń san fún olóúnjẹ nínú ọgbà lọ. Ọwọ́ tí owó náà ń bọ́ sí nìkan ló máa yí padà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mo fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò wa fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin kí a tó san owó ìrìn-àjò ọdún yìí.

Àkọ́kọ́, kí owó oúnjẹ wa di náwó-ní-Òṣogbo. Kí ìgbìmọ̀ yan ẹni méjì tó máa lọ ṣáájú láti bá àwọn olóúnjẹ tó wà nítòsí igbó náà ṣe àdéhùn. Owó ìwọlé tí à ń san lẹ́nu géètì, àpò ìjọba ló ń lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè máa tún ibẹ̀ ṣe. Owó oúnjẹ ló lè dé ọwọ́ ìyá oníyàá lọ́jọ́ náà gan-an, tí yóò fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

Èkejì, ohun tí a bá gbé wọlé la ó gbé jáde. Kí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní àpò ìdọ̀tí ńlá méjì, kí oníkálukú sì mú ike omi tirẹ̀ láti ilé dípò ọ̀rá. Kí awakọ̀ má ṣe fun fèrè títí abẹ́ igi yóò fi mọ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ fọ́tò. Kí a máa tọrọ àyè kí a tó ya ẹni tó ń gbàdúrà. Mo ti rí i lọ́jọ́ ọdún bí fóònù ṣe máa ń yí Arugbá ká bí eṣinṣin. Ọmọbìnrin ni, kì í ṣe ère. Bí wọ́n bá ní ká má ya ibì kan, kí a fi fóònù sápò láìjiyàn. Bí ẹnì kan bá gbà kí a ya òun, kí a fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó kàn wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka. Ìmọ̀ èdè àti àṣà la wá kọ́ níbí. Ọdọọdún là ń lọ gba ìtàn, oríkì àti orúkọ ewé lẹ́nu àwọn àgbà Òṣogbo. A ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá, a ó gba máàkì, a ó kó o sí àpótí. Àwọn tó fún wa lọ́rọ̀ kì í rí ojú ewé kan níbẹ̀. Kí á yí i padà. Kí ẹ̀dà kan nínú gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe lórí Òṣogbo padà sí Òṣogbo, ní èdè Yorùbá tí wọ́n lè kà, kí orúkọ ẹni tó sọ ìtàn sì wà níbẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹni tó fi ìmọ̀ rẹ̀ bọ́ wa yẹ kó mọ ohun tí a fi ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ibi iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín náà. Àwọn kan nínú yín wà ní ilé iṣẹ́ rédíò, àwọn kan wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba, àwọn kan ń kọ ìròyìn. Ẹ bá wa béèrè nǹkan kan ṣoṣo: kí àbájáde àyẹ̀wò omi odò Ọ̀ṣun máa jáde fún gbogbo èèyàn ní èdè Yorùbá, lórí rédíò, ṣáájú oṣù Kẹjọ ọdọọdún. Ẹni tó ń mu omi ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ṣì wà nínú ọgbà yóò kọ lẹ́tà. Bí ẹ̀yin bá fi ohùn yín kún un, yóò dé ibi tí lẹ́tà wa kò lè dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín ọgọ́ta kò lè mú odò Ọ̀ṣun mọ́ lọ́la. N kò tan ara mi. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé bí a bá kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn ará Òṣogbo, tí ẹnì kan sì bi wá pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ̀ ń ṣe bí ẹ bá dé ibẹ̀?”, ó yẹ ká ní èsì.

Ìpàdé gbogboogbò wa ń bọ̀ ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì ọ̀sán. Èmi ni máa gbé àbá yìí kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ipele kìíní àti ìkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpàdé náà sílẹ̀ fún àwa tí a ti ń múra àtilọ; ẹ̀yin lẹ máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́yìn wa. Bí ẹ bá ní àbá tó dára ju tèmi lọ, ẹ mú un wá. Bí ẹ kò bá fara mọ́ tèmi, ẹ wá sọ ọ́ lójú mi. Bí wọ́n bá sì dìbò tí àbá yìí wọlé, mo ti fún akápò ní orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ẹni méjì tó máa lọ ṣáájú. Mo fẹ́ lọ wá ìyá yẹn, kí n bi í iye mọ́ínmọ́ín tó lè sè.